Ẹni tí Ìyá Dérónkẹ́ ń Pè ní Eyínfúnjowó

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1999, ẹrù kékeré kan dé sí ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Ìlá Ọ̀ràngún fún Hezekiah Babáyẹmí, ẹni tí ó ni ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe ìyẹ̀fun ìfọyín Eyínfúnjowó. Agolo kan ni ó wà nínú ẹrù náà, pẹ̀lú lẹ́tà kan. Hezekiah ṣí agolo kí ó tó ṣí lẹ́tà, nítorí pé agolo ni iṣẹ́ rẹ̀.

Àwọ̀ ewé ni agolo tirẹ̀. Àwọ̀ ewé ni èyí náà. Orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n kọ sí i lára, pẹ̀lú àwòrán ọmọdékùnrin tí ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí ó wà lára agolo tirẹ̀ wọ bùbá. Ọmọ ti èyí wọ fìlà òyìnbó tí ó kọ etí sí ẹ̀yìn. Hezekiah ti ìka bọ inú agolo náà, ó sì fi kan ahọ́n.

"Ẹfun," ni ó wí fún ara rẹ̀. "Àti iyọ̀. Nǹkan kẹta wà níbẹ̀ tí n kò mọ̀."

Ó tu itọ́ dànù, ó fọ ẹnu lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì ṣí lẹ́tà.

Ọ̀dọ̀ Ìbùkúnolúwa ni lẹ́tà náà ti wá, obìnrin ará Ìgbájọ kan tí ó ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ilẹ̀ wa ní Atlanta, tí ó sì ti ń ra ìyẹ̀fun lọ́wọ́ Hezekiah láti ọdún mẹ́rin. Ó kọ̀wé báyìí:

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà mẹ́fà ti wá bá mi pé èrìgì àwọn ń bó. Mo ní ọwọ́ mi kọ́ ni wọ́n ti rà á. Wọ́n ní orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, níbi tí orúkọ yín wà. Mo lọ wò ó. Orúkọ yín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin ni, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i. N kò lè gba ẹrù oṣù Ṣẹ́rẹ́ títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi yanjú. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí agolo yín lórí pẹpẹ mi nísinsìnyí, ẹnu ara rẹ̀ ni ó ń fọwọ́ bò."

Ẹrù oṣù Ṣẹ́rẹ́ ni ó ń bọ́ ilé-iṣẹ́ náà títí di àárín ọdún. Òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ni ó wà níbẹ̀. Hezekiah ká lẹ́tà náà, ó fi í sábẹ́ agolo ayédèrú, ó sì lọ bá àwọn tí ń sẹ́ ìyẹ̀fun orín. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyà tí ó jẹ ẹ́ rí tí kò lè sọ ọjọ́ rẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Èrèlé ọdún 1953 ni bàbá rẹ̀ mú un kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ní kíláàsì kẹrin. Ọjọ́ kejì ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í kiri orín. Ní oṣù Òkúdù ọdún 1961 ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìlá dé Ìgbájọ nínú òjò, pẹ̀lú ìdì orín àtà méjìdínlógún lórí. Mẹ́rin ni ó tà. Ó gbé mẹ́rìnlá padà, wọ́n sì wúwo ju ti àárọ̀ lọ, nítorí omi. Ọdún mẹ́ta ni ó fi lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ènìyàn mẹ́tàlá ti ń pín fìtílà kan. Ẹ̀yìn ni ó máa ń jókòó, kò sì rí ojú pátákó dáadáa títí ó fi jáde. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni ó wá gún orín àtà gbígbẹ lódó, ó sẹ́ ẹ, ó po iyọ̀ àti kànáfùrù mọ́ ọn, ó dì í sínú agolo, ó sì fi orúkọ tí wọ́n ń pe òun fúnra rẹ̀ nílé sọ ọ́. Ọdún 1984 ni ìjọba fún un ní ìwé-ẹ̀rí àmì-ọjà náà. Ìwé-ẹ̀rí ọ̀hún wà nínú gíláàsì lára ògiri, nínú ilé-iṣẹ́, níbi tí òjò kò lè dé.

Ní ọjọ́ kẹta ó wọ mọ́tò lọ sí Òṣogbo lọ́dọ̀ Lọ́yà Fọlákẹ́ Àkànbí. Ọdọ́bìnrin ni, kò tíì pé ọmọ ọdún márùndínlógójì, ṣùgbọ́n ó ní kọ̀ǹpútà tí ó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì lórí wáyà tẹlifóònù. Wáyà náà já lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dúró. Fọlákẹ́ tẹ orúkọ náà, wọ́n sì dúró.

Àwòrán náà jáde láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Fìlà ni ó kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà iwájú orí, lẹ́yìn náà ojú. Ó pẹ́ púpọ̀ kí eyín tó dé.

"Bàbá, ẹ wò ó báyìí," ni Fọlákẹ́ wí. "Ẹ mú un bí ilẹ̀ kan tí kò lópin. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ kọ orúkọ kan sílẹ̀, òun ni wọ́n ń fi ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ orúkọ yẹn fún. Wọn kì í bi í bóyá orúkọ bàbá rẹ̀ ni."

"Kò sí baálẹ̀ níbẹ̀?"

"Kò sí, sà."

"Ta wá ni wọ́n ń fẹjọ́ sùn?"

"Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Ọ̀pẹ yìí, òfin tuntun yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn bá fi orúkọ ọjà ẹlòmíràn sílẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láti fi ṣe ibi, a lè kọ̀wé sí àwọn onídàájọ́ kan ní Geneva, wọn yóò sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. A kò ní dé Geneva. Ìwé nìkan ni yóò lọ."

"Ó dára. Ta ni ó fi tèmi sílẹ̀?"

Ìwé kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà tí wọ́n fi ń mọ ìyẹn. Fọlákẹ́ ṣí i, ó sì yí kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ Hezekiah. Alfred Babáyẹmí ni ó wà níbẹ̀, Houston, ìpínlẹ̀ Texas. Hezekiah kà á. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó sì tún un kà.

"Ẹ mọ̀ ọ́n ni, sà?"

"Ọmọ àbúrò bàbá mi ni," ni Hezekiah wí. "Mo bá wọn jẹ ẹran ìkómọ rẹ̀."

Fọlákẹ́ kọ lẹ́tà ìkìlọ̀ sí Alfred. Èsì dé lórí ẹ̀rọ fáàsì ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Bélú, ó sì ránṣẹ́ pe Hezekiah kí ó wá gbọ́ ọ. Alfred kò bínú nínú lẹ́tà náà. Ó kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ní òun kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ó ní Eyínfúnjowó ni orúkọ tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n àwọn, Ìyá Dérónkẹ́, sọ òun láti kékeré, òun ni gbogbo agboolé fi ń pe òun, kò sì sí òfin tí ó ní kí ènìyàn má fi orúkọ ara rẹ̀ tajà. Ó ní nítorí ẹbí, bí ilé-iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n bá fẹ́ ra orúkọ náà, òun yóò fi í sílẹ̀ fún wọn ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún dọ́là.

"Irọ́ ni," ni Hezekiah wí.

"Mo gbà yín gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ó ti ká wa lọ́wọ́ kò. Nǹkan mẹ́ta ni òfin ní kí a fi hàn. Èkíní, pé orúkọ tí ó gbà àti àmì-ọjà yín bára mu: ìwé-ẹ̀rí yín wà. Ẹ̀kẹta, pé èrò burúkú ni ó fi gbà á: ó ń ta ayédèrú, ó sì ní kí ẹ wá rà á, ó parí. Èkejì ni ìṣòro. A gbọ́dọ̀ fi hàn pé kò ní ẹ̀tọ́ kankan sí orúkọ náà. Bí ó bá jẹ́ pé orúkọ yẹn ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n láti kékeré, ó ní ẹ̀tọ́ sí i. Ẹjọ́ tán."

"Èmi ni wọ́n fi mọ̀."

"Onídàájọ́ kò mọ̀ yín, sà. Babáyẹmí méjì ni yóò rí, láti agboolé kan náà. Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ni. Ẹni kejì ní òun ni. Ìyá Dérónkẹ́ yìí, ṣé wọ́n wà láyé?"

"Wọ́n wà láyé."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá búra ní kóòtù pé ẹ̀yin ni wọ́n sọ lórúkọ."

Hezekiah mọ ohun tí Fọlákẹ́ kò mọ̀. Ìyá Alfred kú ní ọjọ́ kejìdínlógún tí ó bí i, ìyàwó tuntun tí kò tíì bímọ ni Ìyá Dérónkẹ́ nígbà náà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì gbé ọmọ náà sí. Títí wọ́n fi mú Alfred lọ sí Kaduna lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, kò mọ ìyá mìíràn.

Ìyá Dérónkẹ́ wà lójúde tí ó ń bó obì nígbà tí Hezekiah débẹ̀. Opó Obed, ẹ̀gbọ́n Hezekiah tí ó ti kú, ni. Ó tó ẹni àádọ́rin ọdún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń lọ lára obì láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ ń wò ó.

"Eyínfúnjowó, ẹ káàbọ̀. Ẹ jókòó. Kí ló ṣe ojú yín?"

"Ọ̀rọ̀ Alfred ni, Ìyá Dérónkẹ́."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "Kí ló ṣe Alfred? Ṣé ara rẹ̀ dá?"

"Ara rẹ̀ dá. Ó ń ta ẹfun."

Ó rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Obìnrin náà gbọ́ ọ láìdá ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè.

"Ẹ bá mi wo páànù yìí."

Hezekiah wò ó.

"Lọ́dún 1996 tí ìjì ká òrùlé mi lọ, ta ló fi owó páànù ránṣẹ́?"

"Alfred ni."

"Alfred ni. Ẹ̀yin mú tàpólì wá."

Kò sọ ọ́ láti fi bú u. Bí ó ti rí nìyẹn. Lọ́dún 1996 ẹ̀rọ ìlọ̀ méjì ni ó bàjẹ́ mọ́ Hezekiah lọ́wọ́ láàrin oṣù kan, tàpólì náà sì ni ó fi ń bo orín. Kò sọ ìyẹn.

"Kí ni ẹ wá fẹ́ kí n lọ sọ ní kóòtù?"

"Òótọ́."

"Òótọ́ nípa ta?"

"Nípa ẹni tí ẹ sọ ní Eyínfúnjowó."

Ó mú obì kan, ó bó o, ó mú òmíràn. "Mi ò ní í sọ̀rọ̀ Alfred láìdáa."

"Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ sọ ọ́ láìdáa."

"Ẹ wá mú mi lọ́jọ́ Ajé, nígbà náà. Mi ò gun ọ̀kadà o. Ẹni tí mo bá bí ni mo lè máa gbá mọ́ra báyẹn."

Ọjọ́ Ajé náà bọ́ sí ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Bélú. Fọlákẹ́ wá láti Òṣogbo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì wọ ọ́fíìsì akọ̀wé kóòtù ní Ìlá. Dáníẹ́lì ni orúkọ akọ̀wé náà. Ó de táì, ó sì ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan níwájú. Ohun tí fọ́ọ̀mù bá béèrè ni òun náà ń béèrè. Hezekiah jókòó sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

"Orúkọ yín, Màmá?"

"Ruth Babáyẹmí."

"Ọjọ́ orí?"

"Kọ àádọ́rin. Bó bá lé, Ọlọ́run á yọ ọ́."

Dáníẹ́lì kọ ọ́. "Ta ni ẹ sọ ní Eyínfúnjowó?"

"Ọkọ mi."

"Olóògbé Obed?"

"Ìyẹn ló fẹ́ mi. Ọkọ mi tó jókòó sídìí fèrèsé yìí ni mò ń sọ."

"Kí ni orúkọ wọn?"

"Eyínfúnjowó."

"Orúkọ wọn gan-an, Màmá."

"Òun náà nìyẹn."

"Orúkọ tí ìyá wọn sọ wọ́n."

"Bi ìyá wọn."

"Ṣé ìyá wọn wà láyé?"

"Ọdún tí Òmìnira dé ni wọ́n kú."

Dáníẹ́lì gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Màmá, ẹ má bínú. Mo mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọkọ. Ìyá tèmi náà kì í pè é. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kò gbé ilé ọkọ. Ó ní kí ẹ dárúkọ."

"Kí fọ́ọ̀mù pè é fúnra rẹ̀."

"Fọ́ọ̀mù kò lẹ́nu, Màmá. Ẹ̀yin lẹ ń búra."

"Ó di àádọ́ta ọdún lóṣù tó ń bọ̀ tí mo ti wọ ilé yẹn. Mi ò pè é lójú wọn, mi ò pè é lẹ́yìn wọn. Ẹ̀gbọ́n wọn tó fẹ́ mi kú, mi ò pe tirẹ̀ níbi òkú. Ṣé torí bébà ni n ó ṣe wá bú ilé ọkọ mi?"

Fọlákẹ́ ní ṣé ìyá kò lè kàn nàka sí wọn. Ìyá Dérónkẹ́ nàka sí Hezekiah. Dáníẹ́lì ní òun kò mọ bí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ṣe ń kọ ìnàka. Fọlákẹ́ ní òun yóò kọ orúkọ náà sínú ìwé, kí ìyá mi orí. Dáníẹ́lì ní ẹni tí kò mọ̀wé kò lè mi orí sí ìwé, agbẹjọ́rò alátakò yóò fọ́ ọ túútúú.

"Kò lè ṣeé ṣe báyìí," ni ó wí níkẹyìn, ó sì fi ọwọ́ tún táì rẹ̀ ṣe. "Bí ẹlẹ́rìí kò bá lè sọ orúkọ ẹni tí ó ń jẹ́rìí sí, n kò lè lu òǹtẹ̀. Ẹ má bínú, Bàbá."

Hezekiah ní òun kò bínú. Ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé. Ọ̀túnla ni òfin tuntun yóò bẹ̀rẹ̀, ó sì dà bíi pé àwọn kò ní ohun tí àwọn yóò fi ránṣẹ́. Òun kò lè ní kí Ìyá Dérónkẹ́ pè é. Òun fúnra rẹ̀, bí ó bá gbọ́ orúkọ òun láti ẹnu obìnrin yẹn, kò mọ ibi tí òun yóò fi ojú sí.

Fọlákẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ìwé rẹ̀ sínú báàgì. Bí ó ti ń kó o, ó ṣáà tún béèrè. "Màmá, Alfred tó ní òun ni ẹ sọ lórúkọ yìí ńkọ́?"

"Alfred? Níbo ni Alfred wà nígbà náà? Wọn ò tíì bí Alfred. Ọdún kejì tí mo wọlé ni wọ́n bí Alfred. Èmi ni mo wẹ Alfred. Alfred ò fẹ́ràn omi, bí mo bá ti gbé àwo dé, Alfred ti mọ̀. Ká sòótọ́, Alfred kì í ṣe ọmọ burúkú."

Fọlákẹ́ dá ọwọ́ dúró nínú báàgì.

"Màmá, kí ni ẹ máa ń pe Alfred nílé?"

"Alfred."

"Kò ní orúkọ mìíràn tí ẹ fún un?"

"Kí ni n ó fi orúkọ mìíràn ṣe? Ṣé ó ṣáájú mi délé ni?"

Dáníẹ́lì wo Fọlákẹ́, ó wo Hezekiah, ó tún wo ìyá náà.

"Áà," ni ó wí.

"Ẹ kọ ọ́," ni Fọlákẹ́ wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ bí wọ́n ti sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀. Ẹ kọ pé wọ́n kọ̀ láti pe orúkọ wọn. Ẹ kọ iye ìgbà tí ẹ bẹ̀ wọ́n. Ẹ kọ pé ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ẹnikẹ́ni tí ó bá nílé ọkọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ọwọ́, orúkọ mìíràn ni ó gbọ́dọ̀ fún un; ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá bí lẹ́yìn tí ó ti wọlé, orúkọ rẹ̀ gan-an ni yóò máa pè é. Èmi alára, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àbúrò ọkọ mi nígbà tí mo wọlé. Bọ̀dá Kékeré ni mò ń pè é. Ó ti ga jù mí lọ báyìí, Bọ̀dá Kékeré náà ni."

"Àwọn òyìnbó á gbà á?" ni Dáníẹ́lì béèrè.

"Ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìbí ni wọn yóò rí. Òyìnbó mọ ìṣirò."

Dáníẹ́lì sún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ra. Òun tìkára rẹ̀ ni ó rí ọ̀nà àbáyọ: ó tẹ̀ ẹ́ pé, ẹni tí ẹlẹ́rìí nàka sí lójú òun, òun akọ̀wé bi í ní orúkọ, ó sì ní òun ni Hezekiah Babáyẹmí. Ó kà á sókè fún ara rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn. Ó lu òǹtẹ̀ náà kíkankíkan.

Hezekiah bá wọn jáde. Ó ti mọ ọ̀rọ̀ yìí láti kékeré, bí ènìyàn ti mọ̀ pé òun ń mí. Kò sì sí ẹni tí í kọ̀wé sí Geneva pé òun ń mí. Ó kọjá sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ní kí wọ́n ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó àti ìrìbọmi fún òun. Kò jẹ́ kí akọ̀wé ìjọ wá a kiri. "Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Ọ̀pẹ, 1949," ni ó wí. Ọjọ́ náà ni ó kọ́kọ́ wọ bàtà. Wọ́n yá a ni, ó há a lẹ́sẹ̀, ó sì bọ́ ọ dànù lẹ́nu ọ̀nà. Ìyàwó tuntun kọsẹ̀ lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú, Hezekiah ọmọ ọdún méjìlá sì bú sẹ́rìn-ín. Bí ó ṣe rí orúkọ nìyẹn. Ìrìbọmi Alfred wà ní ojú ewé kẹrìnlá lẹ́yìn rẹ̀, ní ọdún 1951. Ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà méjèèjì.

Ní ọjọ́ kejì oṣù Ọ̀pẹ, Fọlákẹ́ fi ẹjọ́ náà ránṣẹ́ sí Geneva, ó sì fi ẹ̀dà ohun gbogbo ránṣẹ́ sí Alfred. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, kò sí ohùn kankan. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, tẹlifóònù ilé-iṣẹ́ dún. Alfred ni. Kò bá Hezekiah jiyàn. Ó kàn ní òun fẹ́ bá Ìyá sọ̀rọ̀, ṣé wọ́n lè mú wọn wá sídìí fóònù lọ́jọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

Ìyá Dérónkẹ́ wá pẹ̀lú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Ó gbé fóònù sétí ní òdìkejì, Hezekiah yí i padà fún un. Fóònù àtijọ́ ni, ohùn rẹ̀ sì ń jáde síta bí ti rédíò.

"Ìyá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta."

"Alfred! O ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, Ìyá."

"Èrìgì rẹ ńkọ́?"

"Èmi kì í lò ó, Ìyá."

"O gbọ́n."

Hezekiah ṣí ìwé kan tí kò ní ohun tí ó fẹ́ kà nínú rẹ̀.

"Ìyá, ẹ lọ búra lòdì sí mi."

"Mi ò búra lòdì sí ọ. Mo sọ ọjọ́ tí mo wọlé, mo sọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọ. Èwo nirọ́ ńbẹ̀?"

"Kò sí irọ́." Ohùn Alfred lọ sílẹ̀. "Mo ti gbàgbé pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé. Gbogbo wọn lẹ fún lórúkọ, Ìyá. Akọ̀wé. Ìbàdíàrán. Eyínfúnjowó. Èmi nìkan ni Alfred. Nígbà tí mo wà ní Kaduna mo máa ń rò ó pé bóyá ẹ ò rí nǹkan kan lára mi tí ẹ lè fi sọ mí lórúkọ ni."

Ìyá Dérónkẹ́ gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó, ó sì gbé e padà.

"Ìwọ ọmọ yìí. Àwọn yẹn bá mi nílé ọkọ ni? Àwọn ni mo bá nílé! Mò ń bẹ̀rù wọn. Ọmọ ogún ọdún tó délé ọkọ, tí ọmọ ọdún méjìlá ń fi ṣẹ̀sín, kí ni kó ṣe? Orúkọ ìbẹ̀rù ni mo fún wọn. Ìwọ, ẹ̀yìn mi lo wà. O ń tọ̀ sí mi lára. Ta ní ń bẹ̀rù ẹni tó ń tọ̀ sí i lára?"

Lẹ́yìn náà ni Alfred ní kí wọ́n fún ẹ̀gbọ́n ní fóònù.

"Mò ń gbọ́," ni Hezekiah wí.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni kí n fa orúkọ yẹn lé lọ́wọ́?"

Hezekiah sọ nọ́ńbà fáàsì Fọlákẹ́ fún un. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Agolo mélòó ló kù lọ́wọ́ rẹ?"

"Irinwó, sà."

"Dà á nù. Má dà á síbi tí adìẹ wà."

"Mo gbọ́, sà."

"Kí o sì kọ̀wé bẹ àwọn ẹni mẹ́fà tí èrìgì wọn bó."

"Mẹ́sàn-án ni wọ́n, sà."

"Kọ mẹ́sàn-án."

Ìyá Dérónkẹ́ ti dìde, ó ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Ẹ má bá a bínú mọ́," ni ó wí. Hezekiah ní òun kò bínú. Ó mọ ọjọ́ tí Alfred kọ́kọ́ kọ orúkọ náà sílẹ̀, ọjọ́ kẹfà oṣù Igbe ni, ó sì mọ̀ pé òun kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó sin Ìyá Dérónkẹ́ délé.

Ìbùkúnolúwa kọ̀wé pé òun yóò gba ìdajì ẹrù oṣù Ṣẹ́rẹ́. Ó ní òun gbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà òun kò ka fáàsì. Hezekiah pe òṣìṣẹ́ mọ́kànlá náà jọ, ó ní wọn yóò máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ títí di oṣù Igbe, kò sì sí ẹni tí yóò lọ.

Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Ọ̀pẹ, Fọlákẹ́ pè é láti Òṣogbo.

"Ó ti dé ọwọ́ wa, Bàbá. Mo ti fa ẹjọ́ Geneva padà. Orúkọ ilé-iṣẹ́ yín ló wà lórí rẹ̀ báyìí."

"Ọmọ onífìlà yẹn ńkọ́?"

"Ó ti lọ, sà. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Bí ènìyàn bá tẹ orúkọ náà, funfun lásán ni yóò rí. Kí ni kí a kọ síbẹ̀?"

"Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ná," ni Hezekiah wí. "Ẹ jẹ́ kó sinmi."